Ère àti Ọmọláńgidi Ìgbàlódé: Ṣé Owó Tí A Fi Rà Wọ́n Lè Pọ̀ Sí I?

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Ayégbajú-Èkìtì)

     

Àwọn aláṣẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó jẹ mọ́ owó, nítorí pé iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ rírà tàbí ilé kíkọ́. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn títí ó ti sú yín. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jà ràn-ìn lórí wáṣáàpù ẹgbẹ́ wa láti ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní London àti ní Amẹ́ríkà ń ra ère kéékèèké onírọ́bà. Wọ́n ń tò ó sórí pẹpẹ, wọn kì í yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún wa pé owó ni àwọn fi pamọ́. Àwọn kan nínú wa náà ti ń béèrè bóyá kí ẹgbẹ́ mú díẹ̀ nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí a ń dá fún àwọn ọmọ ìlú, kí a fi ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ tàbí ère igi, kí a sì tà á lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí èyí ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn oníṣòwò kan ń kiri àwọn ìlú agbègbè wa, tí wọ́n ń ra ère àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn arúgbó ní owó pọ́ọ́kú. Ìbéèrè kan náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì: kí ló ń mú kí ère di owó?

Èsì mi kò gùn. Ère tí ẹ̀rọ ṣe ní ọ̀kẹ́ àìmọye kì í di iye rẹ̀ mú. Ère tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́, tí a mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, tí ìtàn rẹ̀ sì wà ní àkọsílẹ̀, lè di iye rẹ̀ mú, ó tilẹ̀ lè fi púpọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ ju ohun tí owó ilé ìwé ọmọ lè dúró dè lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ère tí ẹ̀rọ ṣe

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tó ti dán an wò ṣáájú wa. Ní ọdún 1993, ilé iṣẹ́ Ty ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ẹranko kéékèèké aláṣọ tí wọ́n ń pè ní Beanie Babies. Nǹkan bí dọ́là márùn-ún ni wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ọgbọ́n tí ilé iṣẹ́ náà dá ni pé wọ́n á ṣàdédé kéde pé àwọn kò ní ṣe irú kan mọ́. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, àwọn èèyàn á sáré lọ ra èyí tó kù, owó rẹ̀ á sì gbówó lé e. Àwọn òbí kan ń kó o jọ, wọ́n ní òun ni àwọn máa fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ní ọdún 1999, ní ìlú Las Vegas, tọkọtaya kan tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ kò lè fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín tiwọn. Adájọ́ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá sí kóòtù. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níṣojú adájọ́. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ọjà náà fi dẹnu kọlẹ̀. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju ohun ìṣeré ọmọdé lọ.

Ìdí rẹ̀ kò le. Bí gbogbo èèyàn bá ń tọ́jú nǹkan kan náà sínú páálí, nǹkan náà kò lè ṣọ̀wọ́n láéláé. Ohun ìṣeré àtijọ́ tó gbówó lórí lónìí, irú bíi Barbie àkọ́kọ́ ti ọdún 1959, gbówó lórí nítorí pé àwọn ọmọdé fi ṣeré. Wọ́n fà á ya, wọ́n sọ ọ́ nù, díẹ̀ tó kù tó ṣì pé wá di ọ̀wọ́n. Kò sí ẹni tó rà á nígbà náà nítorí kí ó lè fi là.

Ẹ tún wo ilé iṣẹ́ Funko, àwọn tó ń ṣe ọmọláńgidi olórí ńlá, olójú dúdú, tó ń fara jọ òṣèré, olórin àti eléré ìdárayá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n kéde fún àwọn tó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà pé àwọn máa da ọjà tí iye rẹ̀ wà láàárín mílíọ̀nù 30 sí 36 dọ́là nù, nítorí pé owó tí àwọn fi ń tọ́jú rẹ̀ sí sítọ́ọ̀ ti ń pọ̀ jù fún àwọn. Ẹni tó ṣe ọjà yìí gan-an kó o lọ sí ààtàn. Kí wá ni kí ẹni tó rà á retí?

Èyí tó dé kẹ́yìn ni Labubu, ẹranko onírun elétí gígùn, eléyín ṣóńṣó, tí ilé iṣẹ́ Pop Mart ti ilẹ̀ Ṣáínà ń tà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní Beijing ní mílíọ̀nù 1.08 owó yuan. Ìròyìn yìí ló gbóná lórí fóònù wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà débẹ̀ ni pé èyí tí wọ́n tà yẹn ju mítà kan lọ ní gíga, kì í ṣe irú èyí tí ọmọ yín so mọ́ báàgì. Nínú oṣù kan náà, nígbà tí Pop Mart tú ọ̀pọ̀ ọjà jáde, iye tí àwọn alátùntà ń pè já wálẹ̀ kíá. Ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé òun náà ti ní orúkọ tirẹ̀: Lafufu.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ni iye ọjà. Ọjọ́ tó bá wù ú, yóò tún ṣe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sí i, tìrẹ tó wà nínú páálí á sì di yẹpẹrẹ láìjẹ́ pé o ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò ní kí ọmọ yín má ra Labubu o. Ohun ìṣeré ni. Kí ó yọ ọ́ nínú páálí, kí ó fi ṣeré.

Ẹ̀tàn náírà

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, “Alukoro, èmi rà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àti igba náírà, mo sì tà á ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Ṣé ìyẹn kì í ṣe èrè ni?” Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀.

Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó wọlé, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Lẹ́yìn tí ìjọba fi iye rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà, ó ti kọjá 1,500 náírà nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ. Ẹni tó ra ère ogún dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 san 9,200 náírà. Ká ní ó tà á ní dọ́là méjìlá ní ìparí ọdún 2024, tí a sì fi 1,500 ṣírò rẹ̀, 18,000 náírà ló gbà. Inú rẹ̀ dùn pé owó òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀, dọ́là mẹ́jọ ló ti pàdánù nínú ogún. Náírà ló fẹ́lẹ́, ère náà kò sanra.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ohun tí òun rà ti gbówó lórí, ẹ bi í pé: owó tí o fi rà á lọ́jọ́ náà, àpò ìrẹsì mélòó ni ì bá rà? Èyí tí o gbà lónìí, àpò mélòó ló lè rà? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí ni èrè tòótọ́ wà.

Ère ilẹ̀ wa

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé, nítorí pé Èkìtì wa yìí, ilẹ̀ agbẹ́gilére ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì, ní ààfin Arínjalẹ̀, ló ti lókìkí. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan láti ààfin náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní London. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gbà láti tà á fún owó. Ohun tó gbà ni pàṣípààrọ̀: kí wọ́n ṣe àga ọba kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe àga náà, ilẹ̀kùn dúró sí London títí di òní, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn sí ààfin.

Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín pé wọ́n fi àga gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ wa. Lójú tèmi, Kábíyèsí ìgbà náà mọ ìṣirò. Ọwọ́ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà ṣì wà láàyè, ó sì lè gbẹ́ òmíràn, nítorí náà ìlú kò pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọdún 1938 tí Ọlọ́wẹ̀ kú ni ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ọjọ́ náà, kò sí owó tó lè mú kí ó gbẹ́ ọ̀kan ṣoṣo sí i. Òpó tó gbẹ́ fún Ìkẹ́rẹ́ ti wà ní Chicago. Ní ọdún 1998, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Smithsonian ní Washington ṣe ìpàtẹ tó jẹ́ ti iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín ikú rẹ̀ sí ìpàtẹ náà: ọgọ́ta ọdún gbáko.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Ọyẹ́, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ní ọdún 1947, Father Kevin Carroll àti Father Sean O'Mahoney, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà láti ẹgbẹ́ SMA, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Ọ̀sì, jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti wá kọ́ṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbẹ́ ère ìbí Jésù, tí àwọn amòye mẹ́ta fi ìmúra ọba Yorùbá wá kí ọmọ náà. Ní ọdún 1954, ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Ọdún méje péré ló lò. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó jáde níbẹ̀, Lámídì, ló gbẹ́ ère Odùduwà tó dúró ní Gbọ̀ngàn Odùduwà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, kí ó tó di olóògbé ní ọdún 2009.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí i: ère Ọyẹ́ kì í ṣe ère àtijọ́ nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ère ìgbàlódé ni. Ohun tó jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n títí di òní ni pé Father Carroll kọ orúkọ àwọn agbẹ́gilére sílẹ̀, ó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kọ́ wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní ọdún 1967. Ère mìíràn tó dára bákan náà, tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún kan náà ní agbègbè wa yìí, ṣùgbọ́n tí a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ́, kò lè bá a dọ́gba lójú ẹni tó fẹ́ fowó rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ iye owó, ẹ wo ti Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha. Ní ọdún 1960, ilé iṣẹ́ ìròyìn Daily Mirror ní London gbé iṣẹ́ ère igi méje fún un. Ní ọdún 2013, Bonhams ta méjèèje ní gbàǹjo, owó rẹ̀ sì ju 300,000 pọ́n-ùn lọ. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ló gbà kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, Enwonwu fúnra rẹ̀ sì ti kú láti ọdún 1994. Orúkọ bíi ti Enwonwu kò sì pọ̀. Bí igi bá gbẹ́ ẹgbẹ̀rún ère lọ́dún kan, ọ̀kan tàbí méjì ni ayé á máa wá lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ta ni nínú wa tó lè fọwọ́ sọ àyà pé òun mọ èyí tí yóò jẹ́?

Ojú tí ará báńkì fi ń wò ó

Ní ayé àwọn bàbá wa, bí ìnáwó bá dé, wọ́n máa ń fi oko kòkó dógò. Olówó á sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kí ni ìdí? Oko kòkó ń so lọ́dọọdún. Ẹni tó gbà á dógò á máa ká kòkó títí ẹni tó yáwó á fi wá san án. Ère kì í so. Bí ó bá jókòó sórí pẹpẹ fún ogún ọdún, kò ní bí kọ́bọ̀. Ìwọ tí o ni ín ni wàá máa náwó lé e lórí, nítorí ikán, nítorí ọ̀rinrin, nítorí iná, nítorí olè. Mi ò tíì rí báńkì tí yóò gba ère dúró kí ó tó yá ọ lówó.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fi owó ra ère pẹ̀lú èrò pé yóò jèrè, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin. Ìkínní, ta ló ṣe é, ṣé ó sì tún lè ṣe ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀? Ìkejì, ẹ̀rí wo ló wà lọ́wọ́ mi pé òun ló ṣe é? Ìkẹta, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi, àti pé ìgbà wo? Ìkẹrin, èló ni yóò kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí àwọn onígbàǹjo bá ti yọ tiwọn? Ìbéèrè kẹta ló le jù. Ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún. Ní Èkó, Arthouse Contemporary ti ń ṣe gbàǹjo iṣẹ́ ọnà láti ọdún 2008, ọjà ti wà nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó mọ iyì ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kò bá ju mẹ́ta lọ, tí kò sì sí èyí tó ń rajà lára wọn ní ọdún tí ọmọ rẹ wọ yunifásítì, wúrà rẹ kò yàtọ̀ sí igi ìdáná lọ́dún náà.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn bàbá àti ìyá wa nílé. Òfin 77 ti ọdún 1979, èyí tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, sọ pé ère, ilẹ̀kùn, òpó ilé, ìlù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 kì í ṣe ọjà lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ní iyì nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì ti lò rí fún orò ìbílẹ̀. Ẹni tí àjọ náà fún láṣẹ nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ jáde kúrò nílẹ̀ wa láìgba ìwé àṣẹ. Alájàpá tó kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà, tó ní kí wọ́n fún òun ní ère ìbejì ẹ̀yìn ilé kí òun fún wọn lówó ìrẹsì, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ ó rí bí yóò ṣe tètè wá ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun mẹ́rin ni mo fi síwájú yín.

Èkínní, kí a má ṣe fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún ère kankan, yálà ti rọ́bà tàbí ti igi. Owó ilé ìwé ọmọ ní ọjọ́, ère kò mọ ọjọ́. Láti ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ fún gbogbo èèyàn. Láti 5,000 náírà lèèyàn ti lè bẹ̀rẹ̀, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, èlé rẹ̀ sì ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kì í dán lójú bíi Labubu, ṣùgbọ́n ó ń so bíi kòkó.

Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ràn ère, kí ó fi owó tí kò ní wá padà rà á. Kí ó rà á lọ́wọ́ agbẹ́gilére tó wà láàyè, kí ó gba rìsíìtì, kí ó ya fọ́tò òun àti agbẹ́gilére náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ àti ọdún sí ìdí ère náà. Bí kò bá pọ̀ sí i, ó ti gbádùn rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí ẹ̀rí mú.

Ẹ̀kẹta, àwọn àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì tí a máa ń fún ara wa níbi ayẹyẹ, ṣé ẹnì kan ti rí ẹni tó rà á rí? Kò sí. Láti ọdún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé owó yẹn fún àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Èkìtì, kí wọ́n gbẹ́ ohun tí a ó máa fi yẹ́ ara wa sí. Bí ọwọ́ kò bá rí iṣẹ́ ṣe lónìí, Ọlọ́wẹ̀ kankan kò ní wà lọ́la.

Ẹ̀kẹrin, èyí ló ká mi lára jù. Kí a yan ọ̀dọ́ mẹ́fà tí yóò lọ láti agboolé dé agboolé. Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ère, òpó àti ilẹ̀kùn tó wà nílé àwọn bàbá wa, kí wọ́n sì béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún un àti ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kí àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ onílé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí Facebook, kí a má bàa fi ọ̀nà han olè. Kò sí ẹni tí a ní kí ó ta nǹkan. Ṣùgbọ́n bí bàbá kan bá lọ lónìí láìsọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ òpó ilé rẹ̀, ohun tó pọ̀ jù nínú iye òpó náà ti bá a wọ ilẹ̀. Orúkọ ni owó tó wà nínú ère, àwọn tó mọ orúkọ náà sì ń dín kù lójoojúmọ́. Iṣẹ́ yìí kò ná wa ju owó bíárà àti bébà lọ.